Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta áísíkiriìmù l'Ádó, tíná bá lọ ẹ sọ fún wa

Olóòtú wa, mo kí yín o, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá yìí lè jọ ọ̀rọ̀ ọmọdé lójú ẹlòmíì torí ọ̀rọ̀ áísíkiriìmù ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n rò ó tán ná.

Ìkẹ́rẹ́ ni mò ń gbé. Sátidé ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn mo mú ọmọ àbúrò mi lọ s'Ádó, ọmọ ọdún mẹ́fà, a ra nǹkan díẹ̀ l'Ọ́jà Ọba, ebi wá ń pa á, mo ní ká lọ jẹyán, ó ní òun ò jẹyán, Indomie lòun fẹ́ (ọmọ Èkìtì o! ẹ má jẹ́ kí bàbá bàbá ẹ̀ gbọ́). Bá a ṣe dúró lọ́dọ̀ àbókí kan tó ń ta tíì ní Ajílósùn nìyẹn. Ojú wa ló ṣe já ọ̀rá méjì, omi ń hó, ó rẹ́ àlùbọ́sà àti ata rodo sí i, ó fọ́ ẹyin méjì sínú kọ́ọ̀pù, ó pò ó, ó dà á sínú epo gbígbóná, òórùn ẹ̀ gba gbogbo ibẹ̀ kan. Ọdún 1988 ni Indomie dé Nàìjíríà, nígbà tó di 1995 wọ́n ti ń ṣe é l'Ọ́tà, mo ṣì rántí pé màmá mi ò jẹ́ fẹnu kàn án nígbà náà, wọ́n ní ekòló ni. Lónìí ta ni ò jẹ ẹ́? Èmi ò tiẹ̀ bẹ̀rù láti jẹ ẹ́ níta, torí ojú mi ló ṣe ń jinná. Iyán náà ńkọ́, tẹ́ ẹ bá wọ búkà, etí yín ló máa gbọ́ ọmọ odó lẹ́yìnkùlé kí wọ́n tó gbé e wá.

Áísíkiriìmù ò rí bẹ́ẹ̀. Inú fíríìsà ló ti ń wá, ohun tí wọ́n bá sọ fún wa náà la máa gbà.

A jẹun tán, ọmọ ní ó di áísíkiriìmù. Ṣọ́ọ̀bù tá a wọ̀, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ó mọ́ tónítóní, 2,000 náírà ni kọ́ọ̀pù kan. Wọ́n ṣí ìdérí, nǹkan inú ẹ̀ ò kún kọ́ọ̀pù, ó ti sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́, yìnyín funfun lẹ̀ mọ́ ìdérí. Ọmọ fi ṣíbí kan sẹ́nu, ó wò mí, ó ní "Bíìgì mọ́mì, iyanrìn wà nínú ẹ̀."

Mo tọ́ ọ wò. Yìnyín wínníwínní ni, ó ń ró láàárín eyín. Mo bi ọmọbìnrin tó ń tà á, ó ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn mà. Mo ní ṣé iná lọ ni? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀yin náà mọ̀ mà, látàárọ̀ àná, ìgbà tá a tan jẹ́n ló tún dì.

Èmi náà ti ta yọ́gọ́ọ̀tì rí, mo mọ̀ ọ́n. Atẹ́gùn ló ń jẹ́ kí áísíkiriìmù fúyẹ́, tó bá ti yọ́, atẹ́gùn jáde nìyẹn, omi inú ẹ̀ ya sọ́tọ̀, tẹ́ ẹ bá wá dì í padà ó máa sún kì, ó máa dà bí iyanrìn. Ìyẹn tiẹ̀ kéré. Òtútù ò pa kòkòrò àrùn o, ó kàn ń mú un sùn ni, tí mílíìkì yẹn bá yọ́ wọ́n á jí, wọ́n á máa bí sí i, tó bá tún dì, gbogbo wọn á tún sùn síbẹ̀, ó di inú ọmọ ọlọ́mọ.

Mo mọ̀ pé kò rọrùn, látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, ta ló fẹ́ tan jẹ́n láti àárọ̀ dalẹ́? Ṣùgbọ́n fíríìsà tó kún, tẹ́nì kankan ò ṣí, lè mú òtútù dé nǹkan bí wákàtí 48, tó bá jẹ́ ìdajì ló kún, bí 24, ẹ̀yin lẹ ń ṣí i ní gbogbo ìgbà nígbà tíná ò sí. Ẹ bu omi sínú kọ́ọ̀pù, ẹ jẹ́ kó dì, ẹ gbé òkúta kékeré kan lé e lórí, ẹ fi í sínú fíríìsà, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá bá òkúta yẹn nísàlẹ̀ kọ́ọ̀pù, ọjà yẹn ti yọ́ rí nìyẹn, ẹ dà á nù. Ẹ máa ṣe díẹ̀díẹ̀, kí àdánù má bàa pọ̀. Tẹ́ ẹ bá sì sọ fún mi pé kò sí áísíkiriìmù lónìí, màá ra kéèkì, kò sí ìjà.

Inú ọmọ yẹn ṣe é lálẹ́, mi ò ní sọ pé áísíkiriìmù ló fà á o, ó ti jẹ ata àti ẹyin tẹ́lẹ̀. Wọn ò dá owó mi padà, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin yẹn gé kéèkì fún un nígbà tá a fẹ́ máa lọ. Ó gbà á, ó kọ́kọ́ gbóòórùn ẹ̀ kó tó bù ú jẹ.

Èmi ni, òǹkàwé yín láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.