Ẹ̀yin ọmọ tó ń kọ nǹkan sára fẹ́ńsì onífẹ́ńsì, ẹ gbọ́ o

Ẹ̀yin ọmọ wa ní Kubwa, Nyanya, Karu títí dé Gwagwalada, mo kí yín o. Pẹ́ńtà ni mí, ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi kun ilé kiri Abuja yìí kí ẹ̀yìn tó ń dùn mí tó ní kí n lọ jókòó, torí náà tó bá ti di ọ̀rọ̀ ògiri, ẹ gbọ́ tẹnu mi.

Àwọn ọmọ kan ṣe pépà NECO tó kẹ́yìn, ọmọ àbúrò mi wà níbẹ̀. Wọ́n fi màákà kọ gbogbo ara ṣẹ́ẹ̀tì ara wọn, ìyẹn ò kàn mí, ìyá wọn ló máa fọ̀ ọ́. Àfi bí ẹnì kan ṣe yọ pẹ́ńtì inú agolo jáde, èyí tí wọ́n máa ń fọ́n yẹn, ni wọ́n bá kọ orúkọ wọn gàdàgbà sára fẹ́ńsì funfun Alhaji kan, wọ́n tún fọ́ gílóòbù méjì lórí géètì. Orúkọ ara wọn o! Ta ló ń ṣe báyẹn? Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí ọlọ́pàá fi dé.

Ní àgọ́, ọlọ́pàá tó ń gba sítétímẹ́ǹtì kọ "mischief", ọmọ àbúrò mi rẹ́rìn-ín, ó rò pé ìjàngbọ̀n ọmọdé ni wọ́n ń sọ. Rárá o. Nínú Penal Code, ìwé òfin ọ̀daràn tí wọ́n ń lò l'Abuja, abala 327, ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 2 ni, tàbí owó ìtanràn, tàbí méjèèjì pa pọ̀. Ẹ má sì rò pé dandan ni kí nǹkan wó lulẹ̀, abala 326 ní bí o bá ti mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ohun tó dín iyì tàbí ìwúlò nǹkan oní-nǹkan kù, tí o sì mọ̀ pé ó máa pa á lára, ó ti di ẹjọ́. "Eré ni mò ń ṣe" ò ní gbà yín sílẹ̀. Ẹni tó bá ní òun á sá lọ bá ìyá òun àgbà ní gúúsù, Criminal Code, ìwé òfin ọ̀daràn tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ibẹ̀ ń tẹ̀ lé, náà ní abala 451, ọdún 2 náà ni.

Àbúrò mi ní ṣebí bọ́kẹ́ẹ̀tì pẹ́ńtì kan ló máa bò ó. Mo kàn wò ó ni. Pẹ́ńtì dúdú inú agolo yẹn, bó o bá da emulsion, pẹ́ńtì olómi, lé e, lọ́jọ́ kejì á ti là á yọ, àfi kó o fi sànpépà họ ọ́ dé ara símẹ́ǹtì, kó o fi pẹ́ńtì olóròóró dí i, kó gbẹ, kó o tó wá kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo fẹ́ńsì pátá sì ni, torí funfun tuntun ò ní bá ti àtijọ́ dọ́gba.

Bó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ má sá. ACJA, òfin ọdún 2015 lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn, ò gbà kí wọ́n mú bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n yín dípò yín, àmọ́ ṣé torí ìyẹn lẹ ó ṣe fi wọ́n sílẹ̀? Béèlì náà, ọ̀fẹ́ ni, ẹ jẹ́ káwọn òbí yín mọ̀. Bó bá wá dé kóòtù, adájọ́ lè ní kẹ́ ẹ san owó ohun tẹ́ ẹ bà jẹ́, ó sì lè ní kẹ́ ẹ lọ máa gé koríko, kẹ́ ẹ máa fọ gọ́tà níta gbangba. Kó tó débẹ̀, ẹ mú àgbàlagbà dání lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ lọ bá onílé. Kò gbọ́ Yorùbá? Ó gbọ́ "Don Allah, a yi hakuri", ìyẹn "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú" lédè Hausa.

Ohun táwa ṣe nìyẹn. Alhaji ní òun ò fẹ́ ẹjọ́, kí wọ́n wá kun fẹ́ńsì òun, kí wọ́n sì ra gílóòbù. Sátidé mẹ́rin ni mo fi jókòó sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì nínú oòrùn tí mò ń pàṣẹ fún wọn. Wọ́n ti parí, àmọ́ tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá bà sí i, lẹ́tà T kan ṣì ń yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Alhaji ò tíì rí i. Mo ti ní kí ọmọ àbúrò mi lọ fẹnu ara ẹ̀ sọ fún un lọ́la, èmi á bá a gbé rólà dání.

Bàbá yín ní Kubwa