Omi ni wọ́n ń polówó, bíà ni wọ́n ń tà

Sí Olóòtú,

Ẹ gbà mí láyè kí n sọ̀rọ̀ lórí òfin ọtí ilẹ̀ Tháílándì. Ilé aṣòfin tí àwọn ológun yàn lẹ́yìn ìdìtẹ̀gbàjọba ọdún 2006 ló ṣe é. Ó jáde ní 2008. Abala 32 rẹ̀ ka ìpolówó ọtí léèwọ̀. Nígbà tó jáde, ẹ̀wọ̀n ọdún kan, ìtanràn 500,000 baht (owó ilẹ̀ Tháílándì), tàbí méjèèjì pọ̀ ni ìjìyà tó ga jù. Àwọn èèyàn lásán tó gbé àwòrán ìgò bíà sórí Facebook ti fara gbá a.

Ẹ wá wo àwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Singha tó ń pọn bíà níbẹ̀ ń ta omi àti sódà pẹ̀lú, àmì ara ìgò wọn sì jọ ti bíà bí ìbejì. Omi ni wọ́n ń polówó. Ta ni kò mọ ohun tí wọ́n ń wí? Orúkọ Chang, bíà Tháílándì mìíràn, wà láyà agbábọ́ọ̀lù Everton láti 2004 títí di 2017. (Èmi tiẹ̀ rò pé orúkọ èèyàn ni.)

N kì í ṣe ọ̀mùtí. Ohun tó ń bí mi nínú ni ìjọba tó ń wàásù ìwà mímọ́, tí kì í sì í kọ owó orí ọtí. Títí di 2022, ẹni tó bá fẹ́ pọn bíà tà nílé ọtí tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ní mílíọ̀nù 10 baht kó tó gbàwé àṣẹ. Apọntí kékeré tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ló nílò ìpolówó jù, kò sì ní ìgò omi tí yóò fi bojú.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín kan,
Ìbàdàn.