Lẹ́tà sí Àkànní

Àkànní, ọmọ mi,

Ara wa le, a dúpẹ́. Ilé ìdáná ti tún ń jò, bàbá yín ní ó di ẹ̀ẹ̀rùn. Ti owó tí o ò fi ránṣẹ́ kọ́ ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé.

Wọ́n ní o máa ń tú fóònù ìyàwó rẹ yẹ̀wò bó bá ti sùn. Àkànní, kí lò ń wá?

Ṣé o ò rántí Othello, eré Shakespeare tí a jọ kà nígbà ìdánwò WAEC rẹ ni? Ìwọ lo máa ń ṣe Iago, ẹlẹ́tàn tó ń purọ́ fún Othello, tí wàá máa ṣẹ́jú bí olè. Áńkáṣífù lásán ló di ẹ̀rí àgbèrè níbẹ̀. Ó bọ́ lọ́wọ́ Desdemona, ìyàwó Othello, Emilia ṣà á fún Iago ọkọ rẹ̀, ìyẹn lọ jù ú sí yàrá Cassio, igbákejì Othello. Ni Othello, ọ̀gágun ńlá, bá pe ìyàwó rẹ̀ ní aṣẹ́wó. Desdemona bi í pé, èmi pẹ̀lú ta ni? Kò dá a lóhùn. Ìgbà tó dúró tì í lórí ibùsùn láti pa á ló tó dárúkọ Cassio fún un. Òpònú ọkùnrin! Ìwọ náà ńkọ́, kí lò ń wá nínú fóònù yẹn?

Mo mọ̀ pé ìlú òyìnbó ò rọrùn fún adúláwọ̀. Ní Venice, Othello dára lójú ogun, ṣùgbọ́n Brabantio, bàbá Desdemona, ò fẹ́ ẹ ní àna. Wọ́n bú u títí èébú fi wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tí Iago ní òun mọ ìṣe obìnrin ìlú òun, Othello gbà á gbọ́, ó ní bóyá torí pé òun dúdú ni ìyàwó òun fi ṣe bẹ́ẹ̀. O ò kéré sí ẹnikẹ́ni o, ọmọ mi. Ta ló sọ fún ọ pé bẹ́ẹ̀ ni obìnrin òyìnbó ń ṣe?

Èmi ni. Nígbà ìgbéyàwó yín, mo ní ẹni tó lè tan bàbá rẹ̀ jẹ lè tan ìwọ náà jẹ. Ọ̀rọ̀ Brabantio gan-an nìyẹn, òun náà ni Iago sì padà gbé sọ sí Othello létí. Mo ń fi ìwé yẹn kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́dọọdún, n kò gbọ́ ohùn ara mi nínú rẹ̀.

Bí ọkàn rẹ ò bá balẹ̀, bi í lójú ọ̀sán, kí o dárúkọ ẹni tí o ń rò. Tó bá di ọjọ́ Àìkú, pè mí, kí o gbé fóònù fún un, kí ìwọ sì bọ́ síta. Mo ní ẹ̀bẹ̀ láti bẹ̀ ẹ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ