Ẹni tó ń ka ímeèlì ẹ̀bùn kọ́ ni yóò wọ aṣọ náà

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín láti bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí wọ́n ń ta aṣọ sọ̀rọ̀, pàápàá àwọn tó ń fi ímeèlì polówó ọjà nígbà tí ọdún bá ń sún mọ́lé. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń kọ irú ímeèlì bẹ́ẹ̀ fún ilé ìtajà aṣọ, iṣẹ́ náà sì wù mí títí di òní. Ohun tó ń dùn mí ni pé bí àsìkò ẹ̀bùn bá ti dé, ìpolówó gbogbo wa a máa jọra bí ìbejì: àwòrán ńlá, lẹ́tà pupa gàdàgbà, ẹ̀dínwó lókè, ẹ̀dínwó nísàlẹ̀. Ẹni tó gbà á yóò pa á rẹ́ láì tíì ṣí i, àwa náà yóò sì máa sọ pé ọjà kò yá.

Lójú tèmi, ibi tí a ti ń ṣìnà ni pé à ń kọ̀wé sí ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀bùn bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ni yóò wọ aṣọ náà. Ẹni tó ń ra aṣọ fún ara rẹ̀ mọ bí èjìká rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, ó mọ àwọ̀ tó bá a lára mu, ó sì mọ èyí tó ti wà nílé. Ẹni tó ń rà á fún ìyàwó àbúrò rẹ̀ tàbí fún ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ kò mọ ọ̀kankan nínú wọn. Ẹ̀rù ń bà á kí aṣọ má lọ fún olúwarẹ̀ pinpin, tàbí kí ó tóbi débi tí onítọ̀hún yóò fi máa rò pé, ṣé bí mo ṣe sanra tó lójú rẹ̀ nìyí? Ẹ̀rù ń bà á kí ẹ̀bùn má lọ dé lẹ́yìn tí ọdún ti kọjá. Ó sì ń rò ó lọ́kàn pé bí kò bá wọ̀ ńkọ́, ta ni yóò gbà á padà? Ẹ̀dínwó kò dáhùn ìkankan nínú ìbéèrè wọ̀nyí. Bí owó aṣọ tí kò wọ̀ bá wálẹ̀ dé ìdajì, aṣọ tí kò wọ̀ náà ni.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà rí. Lọ́dún kan, mo ra ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búlúù kan fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin láti inú ímeèlì tó dára lójú gan-an. Kò síbi tí wọ́n ti sọ bí ìwọ̀n aṣọ wọn ṣe rí, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò mẹ́nu ba pípààrọ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbé e wọ̀, bọ́tìnnì ọrùn kò dé ihò rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n sì rọra ká a padà sínú bébà tó ti jáde wá. Ilé ìtajà náà ní àkókò pípààrọ̀ ti kọjá, nítorí pé ọjọ́ tí mo sanwó ni wọ́n ti ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi tú ẹ̀bùn náà.

Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ pípààrọ̀ kì í gbé ìsàlẹ̀ ímeèlì tèmi mọ́, níbi tí lẹ́tà ti máa ń kéré bí ọmọ èèrà. Ẹ̀gbẹ́ bọ́tìnnì tí wọ́n ń tẹ̀ láti rajà ni mo máa ń fi í sí: títí di ọjọ́ báyìí lẹ́yìn ọdún, ẹni tí ẹ fún lẹ́bùn lè wá pààrọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀, rìsíìtì tó wà nínú rẹ̀ kò sì ní fi iye tí ẹ rà á hàn. Ní ti ìwọ̀n, gbólóhùn kan ṣoṣo ti tó láti kó ẹni tó ń rajà yọ: ẹ yọjú wo àmì tó wà nínú ọrùn aṣọ kan tí ẹ mọ̀ pé onítọ̀hún ń wọ̀ dáadáa. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ fi ohun tí kò nílò ìwọ̀n hàn án, bí ìborùn, ṣọ́ọ̀lù tàbí báàgì.

Bí a ṣe ń to ọjà sínú ímeèlì náà tún ń kọ mí lóminú. Ọ̀pọ̀ wa ló ń tò ó bí a ṣe tò ó sórí pẹpẹ nínú ṣọ́ọ̀bù: ṣòkòtò níbí, búláúsì lọ́hùn-ún. Ẹni tó ń wá ẹ̀bùn kò ronú nípa ṣòkòtò, ènìyàn ló ń rò. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé "fún ẹni tí òtútù tètè ń mú", tàbí "fún ọmọ tó ń yára dàgbà, ẹ mú èyí tó fi ìwọ̀n kan ju ti òní lọ". Ọjà mẹ́fà tí a yàn dáadáa yóò ṣe é lóore ju ogójì tí a kàn kó dà sílẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n.

Àkọlé ni ẹnu ọ̀nà ímeèlì. Ojú fóònù sábà máa ń gé e lẹ́yìn nǹkan bí 30 sí 40 lẹ́tà, nítorí náà iwájú ni ọ̀rọ̀ tó wúlò gbọ́dọ̀ wà. "Inú wa dùn láti fi àkójọ ẹ̀bùn ọdún wa hàn yín" yóò gé kí ó tó débi tí ó ń lọ. "Ẹ̀bùn tí kò nílò ìwọ̀n" ti sọ tirẹ̀ tán. Gbólóhùn kékeré kan tún wà tó máa ń hàn lẹ́yìn àkọlé nínú àpótí ímeèlì, àwọn kan kì í sì í kọ nǹkan kan sí i. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ lófìfo, ohun tó bá kọ́kọ́ wà nínú ímeèlì náà ni ẹ̀rọ yóò gbé síbẹ̀, ó sì lè jẹ́ "bí àwòrán kò bá hàn, ẹ tẹ ibí". Ẹ kọ ọ́ fúnra yín: "Ìborùn àti ṣọ́ọ̀lù tí yóò dé kí ọdún tó pé."

Àṣìṣe tó dùn mí jù lọ nínú iṣẹ́ yìí wá láti ọwọ́ mi. Lọ́dún kẹta mi, mo kọ ọjọ́ ìkẹyìn tí ènìyàn lè rajà, kí ó sì dé ṣáájú ọdún, sínú àwòrán, nítorí pé ó fani mọ́ra lójú kọ̀ǹpútà mi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í jẹ́ kí fóònù wọn ṣí àwòrán inú ímeèlì, kí dátà wọn má bàa tètè tán. Àpótí eérú tó ṣófo ni wọ́n rí. Obìnrin kan kọ̀wé sí wa pé ọjọ́ kejì ọjọ́ ìkẹyìn yẹn ni òun sanwó aṣọ ìyá òun, àti pé òun wá ọjọ́ náà nínú ímeèlì wa títí, òun kò rí i. Òótọ́ ni ó sọ, n kò sì ní àwáwí kankan. Ọjọ́, iye owó àti ọ̀rọ̀ pípààrọ̀ kò gbọdọ̀ sí nínú àwòrán nìkan. Ìdí àwòrán kọ̀ọ̀kan ló yẹ kí a ti kọ ọ̀rọ̀ tí yóò dúró dípò rẹ̀, irú bíi "ìborùn òwú, aláwọ̀ búlúù", nítorí ọ̀rọ̀ yẹn náà ni ẹ̀rọ ń kà sétí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran.

Ní ti ìyókù ìrísí rẹ̀, kò le: kí ó má fẹ̀ ju 600 pixel lọ (pixel ni ẹyọ tóńtó tí a fi ń wọn ohun tó wà lójú ẹ̀rọ), kí ọ̀rọ̀ tò sísàlẹ̀ ní òpó kan ṣoṣo, kí lẹ́tà má kéré sí 16 pixel, kí bọ́tìnnì sì ga tó 44 pixel kí àtàǹpàkò lè rí i tẹ̀. Gmail, àpótí ímeèlì ti Google, a máa gé ímeèlì tí kóòdù rẹ̀, láìka àwòrán, bá wúwo ju nǹkan bí 102 kilobyte lọ, ìsàlẹ̀ tó ń gé náà ló sì sábà máa ń jẹ́ ibi tí líǹkì wà fún ẹni tó fẹ́ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú àwọn tí à ń kọ̀wé sí.

Èyí gan-an ló mú mi dé ọ̀rọ̀ òtítọ́. Aago tó ń ka wákàtí tó kù, tó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, irọ́ ni, àwọn oníbàárà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òfin CAN-SPAM ti ọdún 2003 ní Amẹ́ríkà kò gba àkọlé ẹ̀tàn láàyè, ó sì ní kí a yọ orúkọ ẹni tó bá kọ̀ wá láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10. Láti oṣù kejì ọdún 2024, Google ti ní kí ẹni tó ń fi ímeèlì tó ju 5,000 lọ ránṣẹ́ sí Gmail lóòjọ́ jẹ́ kí ènìyàn lè yọ orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú ìtẹ̀ kan ṣoṣo, kí àwọn tó ń fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn pé spam ni, ìyẹn ímeèlì tí wọn kò béèrè fún, má sì tó 3 nínú 1,000. Ẹ má sì gbára lé iye àwọn tó ṣí ímeèlì yín, nítorí ìgbà tí àwòrán inú rẹ̀ bá wọlé ni ẹ̀rọ máa ń kà á pé ẹnìkan ti ṣí i. Láti ọdún 2021 ni ètò Mail ti Apple ti lè máa kó àwòrán wọlé fúnra rẹ̀, tí yóò sì dà bí ẹni pé ènìyàn ló ṣí i. Iye aṣọ tí wọ́n rà, àti iye tó padà wá, ni kí ẹ máa kà.

Àánú náà wà nínú iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 2019, Bloom & Wild, àwọn tó ń ta òdòdó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bi àwọn oníbàárà wọn bóyá wọ́n fẹ́ kí wọ́n má fi ìpolówó ọjọ́ ìyá ránṣẹ́ sí wọn. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú kò yẹ kó máa rí "ẹ ra aṣọ fún ìyá yín" lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Mo rọ gbogbo ilé ìtajà aṣọ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ tí ọjà lè bá ọdún bá ti kọjá, ẹ dá ìpolówó aṣọ dúró, kí ẹ máa polówó káàdì ẹ̀bùn tó ń gba orí ímeèlì dé lójú ẹsẹ̀. Ẹ yọ àwọn tó ti rà kúrò nínú àwọn tí ẹ ń kọ̀wé sí. Lẹ́yìn ọdún, ẹ tún kọ ọ̀kan péré sí wọn, tí kò ní polówó ohunkóhun, tí yóò kàn ṣàlàyé bí ẹni tí wọ́n fún lẹ́bùn ṣe lè pààrọ̀ rẹ̀. Mo ti kọ ti ọdún yìí sílẹ̀. Ìlà kejì ni ọjọ́ ìkẹyìn fún pípààrọ̀ wà, ó sì hàn ketekete nígbà tí mo pa àwòrán gbogbo lórí fóònù mi.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín tó ń kọ ìpolówó aṣọ