Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Ẹ Ka Nehemáyà Dé Orí Karùn-ún

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ kú ìsinmi òní o, ẹ kú ìrìn.

"Ìdúpẹ́" ni àkòrí tí mo fún akọ̀wé wa láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nítorí Thanksgiving tó ń bọ̀. Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lóru Thursday, mi ò lè kọ ọ́. Inú ń bí mi ni, ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́ bó ṣe rí, sítísìn Amẹ́ríkà lèmi náà, mo búra níwájú adájọ́, mo ń san owó orí, mo ń dìbò, sùúrù mi sì ti tán díẹ̀.

Díákónì kan ti pè mí, ó ní, "Bàbá Ìjọ, ẹ rọra o, òfin 1954 yẹn tó ní kí ìjọ má ṣe polongo ìbò fún ẹnikẹ́ni ṣì wà o, kí wọ́n má lọ fi owó orí dá wa láàmú." Mo gbọ́. IRS, àwọn agbowó orí ìjọba, fúnra wọn ti sọ fún kóòtù ní July 2025 pé pásítọ̀ tó bá ń bá ìjọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ìbò nínú ìsìn ò rú òfin náà, ṣùgbọ́n kí ọkàn díákónì lè balẹ̀, mi ò ní dárúkọ ẹni tẹ́ ẹ máa dìbò fún. Ohun tójú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Wednesday tó kọjá, 12 November 2025, ni wọ́n tó ṣí ìjọba Amẹ́ríkà padà lẹ́yìn ọjọ́ 43 tí wọ́n ti tì í pa, nítorí àwọn aṣòfin ò fẹnu kò lórí owó ìnáwó rẹ̀. Títí di ìgbà yẹn, irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí. Ti 2018 wọ 2019 tá a rò pé ó ti burú jù, ọjọ́ 35 ni, ààrẹ kan náà, Trump, ló sì wà lórí àga nígbà méjèèjì. Wọ́n wá ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń ya fọ́tò, bí ẹni tó tilẹ̀kùn mọ́ ọmọ lóde lóru, tó wá ṣí i láàárọ̀ tó ní kí ọmọ dọ̀bálẹ̀ kó dúpẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá bá wa pín oúnjẹ ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù yìí, ẹ rí i. 1 November ni, ọjọ́ yẹn gan-an ló yẹ kí owó food stamp, owó oúnjẹ tí ìjọba ń fún aláìní, ti oṣù tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í wọ káàdì àwọn èèyàn, kò wọlé. Àwa tá a máa ń rí bí ogójì ìdílé, wọ́n lé ní ọgọ́rùn-ún, aago mọ́kànlá ò tíì lù tí ìrẹsì fi tán. Mo rí ọ̀gbẹ́ni kan tó ṣì wọ yúnífọ́ọ̀mù, iṣẹ́ yíyẹ báàgì wò ní pápákọ̀ òfurufú ló ń ṣe, ó ti ṣiṣẹ́ oṣù kan gbáko láìgba kọ́bọ̀, ibi iṣẹ́ yẹn náà ló sì ń lọ bó ṣe gbé ẹ̀wà tiẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀. Mo rí màmá kan, Yorùbá pọ́ńbélé, tó fi ìborùn bo orí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa dá òun mọ̀, gẹ̀ẹ́sì ló fi kí mi. Gẹ̀ẹ́sì lèmi náà fi dá a lóhùn. Kí ni ǹ bá ṣe?

Bíi mílíọ̀nù 42 èèyàn ló ń jẹun lórí ètò yẹn, nínú mẹ́jọ tẹ́ ẹ bá pàdé lójú títì, ó ṣeé ṣe kí ẹyọ kan wà níbẹ̀. Owó pàjáwìrì sì wà nílẹ̀ o, ó lé ní 4 bílíọ̀nù dọ́là, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ti yà á sọ́tọ̀ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ìjọba Trump ní àwọn ò ní fọwọ́ kàn án. Ó di 31 October kí adájọ́ méjì, ọ̀kan ní Rhode Island, ọ̀kan ní Massachusetts, tó sọ fún wọn pé irú kí lèyí. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn tún ní kí wọ́n san owó náà pé, Supreme Court ni wọ́n sáré lọ, kí wọ́n wá bá àwọn dá adájọ́ dúró. Ẹ̀yin ará, ta ló ń gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù gíga nítorí kó má bàa fún ọmọ lóúnjẹ?

Nínú October yẹn kan náà, wọ́n ń fi katakata wó East Wing ní White House láti fi kọ́ gbọ̀ngàn ijó. Wọ́n ní àwọn olówó ló dá owó rẹ̀, kì í ṣe owó orí, ó dáa. Wọ́n tún ṣètò 20 bílíọ̀nù dọ́là fún Argentina, kì í ṣe ẹ̀bùn, pàṣípààrọ̀ owó ni, ó dáa náà. Àmọ́ ẹ wo bí ojú wọn ṣe là sí ohun tó wù wọ́n.

Ibi tí Nehemáyà ti wọ ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Ní January 2017, láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ búra fún ààrẹ yìí, pásítọ̀ ńlá kan láti Dallas ní Texas níbí fi Nehemáyà wàásù fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì, odi Jerúsálẹ́mù ló rí níbẹ̀, pé Ọlọ́run ò kọ̀ kí èèyàn mọ odi. Lóòótọ́ Nehemáyà mọ odi. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìwé náà dé orí 5. Àwọn tó ń mọ odi yẹn ló figbe ta pé ebi ń pa àwọn, àwọn ti fi oko àti ilé dúró kí àwọn lè rí ọkà, àwọn ti yáwó san owó orí ọba, àwọn ọmọ àwọn ti di ẹrú. Nehemáyà bínú. Kò sọ pé ẹgbẹ́ kejì ló fà á, ó pe àwọn ọlọ́lá jọ ó fọ̀rọ̀ kò wọ́n lójú, wọn ò rí nǹkan kan sọ. Òun fúnra rẹ̀ ṣe gómìnà ọdún 12, kò gba owó oúnjẹ gómìnà, nítorí ẹrù ti wọ àwọn èèyàn lọ́rùn.

Tiwa ńkọ́? Àwọn aṣòfin tó ti ìjọba pa ń gba owó oṣù tiwọn, òfin ilẹ̀ yìí ló ní kí wọ́n gbà á. Mike Johnson tó jẹ́ olórí House, ilé àwọn aṣojú-ṣòfin, ọmọ Baptist ni, ó máa ń sọ pé Bíbélì ni òun fi ń wo ayé, òun ló ní kí gbogbo wọn lọ sílé ní 19 September, wọn ò padà wá dìbò títí di 12 November. Ẹ kà á. Ọjọ́ 54 ni. Odi Jerúsálẹ́mù, ọjọ́ 52 ni Nehemáyà fi mọ ọ́n parí! Obìnrin kan wà tí àwọn ará Arizona dìbò yàn ní 23 September, Adelita Grijalva, ọ̀sẹ̀ méje ni wọ́n fi ní kó dúró síta kí wọ́n tó búra fún un.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ, wọ́n ti ń gbé e kiri lórí WhatsApp ìjọ, pé Democrat ló ti ìjọba pa. Ẹ jẹ́ ká wò ó. Republican ló ni ààrẹ, àwọn ló pọ̀ jù ní House, àwọn ló pọ̀ jù ní Senate, gbogbo kọ́kọ́rọ́ ilé ló wà lọ́wọ́ wọn. Lóòótọ́ 53 ni wọ́n nínú ọgọ́rùn-ún ní Senate, wọ́n sì nílò ìbò 60 kí àbá owó náà tó lè kọjá. Ìyẹn ni pé èèyàn méje ló yẹ kí wọ́n bẹ̀. Ẹni tó fẹ́ bẹ èèyàn méje, ṣé ilé ló ń lọ sùn?

Kí sì lohun táwọn Democrat ní kí wọ́n fi sí i? Àfikún owó ìrànwọ́ Obamacare, íńṣọ́ránsì ìlera tí ìjọba ń bá èèyàn san lára owó rẹ̀, tó parí ní 31 December 2025. Ọ̀rọ̀ yẹn kàn wá gbọ̀ngbọ̀n o. Ẹni tó ń wa Uber, ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ilé ní òpópónà Bissonnet, ẹni tó ń dirun, ta ló fẹ́ fún wọn ní íńṣọ́ránsì? Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rà á, Texas yìí sì kọ̀ láti fẹ Medicaid, íńṣọ́ránsì ìjọba fún àwọn tówó wọn ò tó, lójú. Ẹ ti ń ṣí i wò láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, ẹ ti rí iye tí ti 2026 máa jẹ́. Arábìnrin kan fi tiẹ̀ hàn mí, ó ju ìlọ́po méjì lọ.

Àwọn Democrat náà wá ṣe mí ní nǹkan. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́ tí ará ìlú ti fara da á, àwọn mẹ́jọ lápá ọ̀dọ̀ wọn, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ olómìnira, lọ bá àwọn Republican dìbò, 60 sí 40 (Republican kan kọ̀), ìlérí ni wọ́n gbà, pé wọ́n máa dìbò lórí íńṣọ́ránsì ní December. Ìlérí lásán! Food stamp rí owó títí dé September 2026, mo dúpẹ́ fún ìyẹn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú ìjọba tó kù, 30 January 2026 ni owó tí wọ́n fún wọn mọ.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ ti ilé. Ọjọ́ mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn. Ní 30 October wọ́n kéde iye àwọn tó ń sá àsálà tí Amẹ́ríkà máa gbà lọ́dún ìnáwó 2026, 7,500, nígbà Biden ó dé 125,000, wọ́n sì kọ ọ́ síta pé àwọn òyìnbó South Africa ló máa gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní 31, ààrẹ ní òun ti fi Nàìjíríà sínú ìwé àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń fìyà jẹ ẹlẹ́sìn. Ní 1 November, ọjọ́ tí ìrẹsì tán lọ́wọ́ wa, ó ní òun lè rán àwọn ológun lọ síbẹ̀ tìbọntìbọn láti gba Kristẹni sílẹ̀. Fóònù mi ò sinmi lọ́jọ́ náà. "Pásítọ̀, ẹ wò ó, Ọlọ́run ti lò ó!"

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé wọn ò pa Kristẹni ní Nàìjíríà. 5 June 2022, Sunday Pẹ́ńtíkọ́ọ̀sì, ní ṣọ́ọ̀ṣì St Francis l'Ọ̀wọ̀, àwọn tó kú lé ní ogójì, mo sunkún lórí pẹpẹ yìí, ẹ rántí. Wọ́n sì ń pa Mùsùlùmí náà, ẹ má jẹ́ ká purọ́ nítorí Jésù. Ṣùgbọ́n ọmọ Ọ̀wọ̀ tó bá sá dé ẹnu ibodè yìí lónìí, ta ló fẹ́ ṣílẹ̀kùn fún un nínú 7,500 yẹn? Ní July 2025, wọ́n sọ físà ọ̀pọ̀ èèyàn wa di oṣù mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n lè fi wọlé. Ẹni tó bá ní òun máa dáṣọ fúnni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. (Kí n má gbàgbé, láti 1 January 2026, wọ́n ń yọ 1 nínú ọgọ́rùn-ún lára owó tẹ́ ẹ bá fi káàṣì rán sílé, inú òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní 4 July 2025 ló wà. Ẹ máa rán an láti inú àkáǹtì báńkì tàbí káàdì báńkì, kò kan ìyẹn.)

Èmi náà jẹ̀bi o. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí àwọn àgbà kan nínú ìjọ ń sọ pé ẹni tó bá kórìíra oyún ṣíṣẹ́, ẹyọ ẹgbẹ́ kan ló lè dìbò fún, mo dákẹ́. Èmi náà ò fẹ́ oyún ṣíṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tá a ní kí wọ́n bí, wọ́n bí i tán, ó ń jẹun, mi ò sì dìde kí n sọ ìyẹn. Mo ní kí ìjọ má bàa fọ́. Ìyẹn dùn mí ju gbogbo ohun tí Trump ṣe lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ní green card la fi wá, ọ̀rọ̀ wọn ò kàn wá, tẹ́ ẹ ti di sítísìn láti ọdún mẹ́wàá tẹ́ ò tíì dìbò lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yin lẹ́jọ́ yín ṣòro jù fún mi. Ẹkùn ìdìbò District 18 ní Houston níbí, láti March 2025 tí Sylvester Turner, aṣojú wọn, ti kú, ọ̀pọ̀ oṣù ni wọn ò fi ní aṣojú ní House. Gómìnà Abbott sún ìbò náà dé 4 November, èèyàn méjì ló ṣẹ́kù, kò sì parí lọ́jọ́ yẹn, gbogbo ìgbà tí wọ́n ń jà lórí oúnjẹ yẹn, àga ṣófo. Ní August 2025 wọ́n tún máàpù ìdìbò Texas gé kí Republican lè rí àga 5 sí i, wọn ò tiẹ̀ bò ó. 3 March 2026 ni ìbò abẹ́lé, 3 November 2026 ni ti gbogbogbò. Fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn Ẹgbẹ́ Obìnrin Rere, ẹ gbà á kẹ́ ẹ tó jáde lónìí.

A tún fẹ́ pín oúnjẹ ní Sátidé yìí, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, mi ò dúró de Sátidé àkọ́kọ́ mọ́. Ìrẹsì, ẹ̀wà, òróró, sàdíìnì, páńpásì ọmọ. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ ńlá kó jọ̀ọ́ kó bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ sì dákun, ẹ wo déètì ara agolo kẹ́ ẹ tó gbé e wá, tìgbà yẹn, a rí tòmátò mẹ́rin tó ti expire láti 2022.

Olùṣọ́-àgùntàn yín