Ẹ̀yìn Pátákó Ìwé Ni Ìbàjẹ́ Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àbójútó ìwé ìròyìn. Ọ̀rọ̀ ara ògiri ilé ni a bá wá. Pátákó ọ̀ṣọ́ tí a fi ìwé àti páálí ṣe, tí a wá fi àjákù aṣọ òkè, àdìrẹ, owó ẹyọ àti ìlẹ̀kẹ̀ dárà sí lójú, iṣẹ́ tó rẹwà ni, ohun èlò rẹ̀ kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í rí òjò kejì. Wọ́n á ká bí ewé gbígbẹ, ẹ̀yìn wọn á hu funfun, aáyán á jẹ etí wọn, àwọn ènìyàn á wá ní ìwé kò lágbára. Ìwé lágbára. Bí a ṣe ń ṣe ojú rẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń kọ́ ara wọn. Ẹ̀yìn, etí àti gbígbẹ kò rí ẹni sọ̀rọ̀ wọn, ibẹ̀ gan-an sì ni ìbàjẹ́ ti ń wọlé.

Ẹ jẹ́ ká fi pátákó tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30, tó ga ní 40, ṣe àpẹẹrẹ. Páálí méjì tó dọ́gba ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń kó indomí. Bí ẹ bá wo etí páálí, ẹ ó rí ihò wẹ́wẹ́ tó tò lọ sí apá kan. Ibi tí ihò náà tò lọ ni páálí ti ń ká wẹ́rẹ́. Nítorí náà, ẹ gé ọ̀kan kí ihò rẹ̀ dúró lóòró, ẹ gé èkejì kí tirẹ̀ dùbúlẹ̀. Bí méjèèjì bá tò sí apá kan náà, ẹ kàn fi páálí kejì ṣòfò ni. Okùn tí ẹ máa fi gbé e kọ́, àsìkò yìí ni kí ẹ ti fi sí i: ẹ lu ihò méjì sára páálí ẹ̀yìn, kí ihò kọ̀ọ̀kan jìn sí òkè ní sẹ̀ǹtímítà 8, kí àlàfo àárín wọn jẹ́ 20, ẹ ki okùn gba inú wọn, kí ẹ so àwọn orí rẹ̀ mọ́ ẹyọ ìgbálẹ̀ mẹ́ta tí a dì pọ̀, kí ìgbálẹ̀ yẹn wà láàárín páálí méjèèjì. Ẹ wá fi gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà, èyí tí wọ́n ń pè ní top bond, pa wọ́n fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ lẹ̀ wọ́n pọ̀, kí ẹ fi pákó àti búlọ́ọ̀kù méjì tẹ̀ ẹ́ mọ́jú. Okùn tí a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ sẹ́yìn lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí kì í pẹ́ ṣí.

Ẹ̀kọ lááfún ni kí ẹ fi lẹ ìwé. Ẹ fi asẹ́ ku lááfún ife kan kí okùn inú rẹ̀ kúrò, ẹ fi omi tútù ife kan pò ó títí tí kò fi ní kókó mọ́. Ẹ gbé omi ife márùn-ún kaná. Nígbà tó bá ń hó yaya, ẹ rọra da èyí tí ẹ pò sí i, kí ọwọ́ kejì máa rò ó láìdúró. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún yóò kúrò ní funfun, yóò máa dán bí ògì tó jinná. Ẹni tó bá da lááfún gbígbẹ sínú omi gbígbóná, kókó ni yóò rò, kókó náà ni yóò sì yọ lábẹ́ ìwé bí eéwo. Bí ẹ̀kọ bá kù ní ìlọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ fi álọ́ọ̀mù lílọ̀, ṣíbí tíì kan, sí i kó má tètè kan. Àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ kò ní rí èyí bí ohun tuntun. Lááfún ni wọ́n fi ń ro ẹ̀kọ tí wọ́n fi ń yàwòrán sára aṣọ, wọ́n sì máa ń fi álọ́ọ̀mù sí i.

Àwọn kan a máa fi iyọ̀ rọ́pò álọ́ọ̀mù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò nílẹ̀ wa. Iyọ̀ ń fa omi inú afẹ́fẹ́. Ẹ ṣáà ti rí bí iyọ̀ inú ìgò ṣe máa ń rin nígbà òjò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni pátákó oníyọ̀ yóò máa rin lára ògiri. Àwọn mìíràn ń da oògùn aáyán mọ́ ẹ̀kọ. Ọwọ́ lásán lẹ fi ń pa ẹ̀kọ yìí, yàrá tí ọmọ ń sùn lẹ sì lè gbé e kọ́ sí: ẹ jìnnà sí i pátápátá. Ohun tí kì í jẹ́ kí aáyán jẹ pátákó ni pé kí ọ̀dà bo ẹ̀kọ náà níbi gbogbo, kó má rí ibi gé e jẹ. Álọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ ní ibi tó mọ. Ó ní kíkan (acid) lára, tó bá pẹ́, ó ń sọ ìwé funfun di pípọ́n, nítorí náà inú iṣẹ́ ni kí ẹ̀kọ rẹ̀ mọ. Ohun tó bá máa wà lójú, gọ́ọ̀mù funfun ni kí ẹ fi lẹ̀ ẹ́. Ẹ̀kọ tó bá ti ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ẹ dà á nù.

Ìwé ìròyìn ló dára jù fún inú iṣẹ́. Ó fẹ́lẹ́, ó ń mu ẹ̀kọ dáadáa, ó sì ń tẹ̀ mọ́ kọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n igi lílọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é, èròjà lignin tó wà nínú igi ṣì wà nínú rẹ̀, oòrùn àti afẹ́fẹ́ a sì máa sọ èròjà náà di pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ òǹkàwé máa ń gé ojú ìwé tí orúkọ ẹni wọn ti jáde, bóyá ìkéde ìgbéyàwó tàbí ìrántí òkú, kí wọ́n lè lẹ̀ ẹ́ sójú pátákó. Ẹ má lẹ ojúlówó. Ẹ ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀ sórí ìwé funfun, kí ẹ tọ́jú ojúlówó sínú fáìlì níbi tí oòrùn kò dé. Fọ́tòkọ́pì náà ní irú. Èyí tó jáde láti inú ẹ̀rọ tó ń lo tónà lẹ́búlẹ́bú kò ní ṣí tí omi bá kàn án. Èyí tí ẹ̀rọ oní-íǹkì olómi tẹ̀ yóò ṣàn bí omijé. Ẹ fi ìka tútù pa igun kan wò ná.

Ẹ fọwọ́ ya ìwé yín, ẹ má fi àlùmọ́gàjí gé e. Etí tí a gé máa ń yọ bí àtẹ̀gùn lábẹ́ ọ̀dà, ṣùgbọ́n etí tí a ya fẹ́lẹ́, ó ń wọ ara èkejì. Ìwé ìròyìn ní apá tó ti ń ya gbọọrọ àti apá tó ti ń ya kọ́lọkọ̀lọ. Apá tó ya gbọọrọ ni kí ẹ tẹ̀lé, kí ọ̀já kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 3, kó gùn tó 10. Ẹ fi ẹ̀kọ pa á tojú tẹ̀yìn, ẹ fi ìka méjì wọ́ èyí tó pọ̀ jù kúrò, nítorí ìwé tó bá rin gbìndìn yóò mú páálí rọ̀. Ìpele kan jẹ́ ìwé ìròyìn, èyí tó tẹ̀lé e jẹ́ ìwé inú nóòtù àtijọ́, kí ẹ lè rí ibi tí ìpele tuntun kò tíì bò. Bí ìpele kan bá lọ lóòró, kí èkejì lọ níbùú. Mẹ́fà tó.

Ìpele mẹ́fà lójú, mẹ́fà lẹ́yìn. Èyí ni a tìtorí ẹ̀ kọ lẹ́tà. Ìwé tó bá rin ń fẹ̀, bó bá ń gbẹ, ó ń sún kì. Bí ẹ bá lẹ mẹ́fà sójú tí ẹ̀yìn wà lófìfo, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yóò fa páálí síwájú bí ìgbà tí okùn fa ọrun, kò sì sí búlọ́ọ̀kù tó máa nà án padà. Nítorí náà, bí ẹ bá lẹ ìpele kan sójú, ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ lẹ ọ̀kan sẹ́yìn kí ẹ tó dìde. Ẹ má gbàgbé etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: kí ọ̀já ìwé ká etí náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, nítorí ihò páálí tó bá ṣí sílẹ̀ ilé aáyán ni.

Ìpele méjì sójú, méjì sẹ́yìn, ó tó fún ọjọ́ kan. Ẹ gbé e sí ìbòòji tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kó dúró lórí etí rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ kan ojú méjèèjì, kí ẹ sì máa yí i padà. Nígbà ọyẹ́, ọjọ́ kan yóò gbẹ ẹ́. Nígbà òjò, ó lè gbà tó ọjọ́ mẹ́ta. Oòrùn líle kò dára fún un, ojú tó kọ sí oòrùn ni yóò kọ́kọ́ gbẹ, á sì ká. Ìgbà tó bá gbẹ lọ́wọ́ àmọ́ tó ṣì tutù díẹ̀ ni kí ẹ fi aṣọ àlòkù bò ó tojú tẹ̀yìn, kí ẹ fi sáàárín pákó méjì, kí búlọ́ọ̀kù gùn ún mọ́jú. Aṣọ o, ẹ má lo ọ̀rá. Ọ̀rá yóò há omi mọ́ inú rẹ̀, yóò sì bu kí ilẹ̀ tó mọ́.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé inú ti gbẹ? Ẹ gbé e kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bó bá tutù lẹ́rẹ̀kẹ́ ju páálí lásán lọ, omi ṣì wà níbẹ̀. Ẹ wá fi ìka kàn án: èyí tó gbẹ ń dún kó-kó, èyí tó rin ń dún bù-bù. Pátákó tó ti bu, tó ń rùn tàbí tó rọ̀ lọ́wọ́, ẹ má fi ọ̀dà bò ó. Àbààwọ́n náà yóò là á jáde.

Ọ̀dà emulsion funfun ìwọ̀n méjì, gọ́ọ̀mù funfun ìwọ̀n kan, ẹ pò ó, ẹ fi kun ojú, ẹ̀yìn àti etí lẹ́ẹ̀mejì, kí sáńpépà tó kúnná wà láàárín ìkùn méjèèjì.

Kí ẹ tó lẹ aṣọ, ẹ fọ̀ ọ́. Àdìrẹ aláró tó ti Ìtòkú ní Abẹ́òkúta dé gbọ́dọ̀ wọ omi títí omi yóò fi mọ́, torí aró tó bá ṣẹ́kù yóò bá omi inú gọ́ọ̀mù rìn, á sì ta sára funfun. Ẹ fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. Bó bá jẹ́ àjákù àdìrẹ Ìbàdàndùn lẹ ní, ẹ gé onígun mẹ́rin tí òpó gbọ̀ngàn Mápó ti ìlú Ìbàdàn wà nínú rẹ̀ ní odidi. Òpó tí a gé láàárín kì í sọ ìtàn kankan mọ́. Ti aṣọ òkè yàtọ̀, ìyà tirẹ̀ ni pé bí àlùmọ́gàjí bá kàn án báyìí, òwú rẹ̀ á máa tú. Ẹ fi gọ́ọ̀mù fa ìlà tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan sí ẹ̀yìn aṣọ níbi tí ẹ fẹ́ gé, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ wá gé e láàárín ìlà yẹn. Nígbà lílẹ̀, ara pátákó ni kí ẹ pa gọ́ọ̀mù sí, ẹ má pa á sí ara aṣọ. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún kó di alálẹ̀mọ́, kí ẹ gbé aṣọ lé e, kí ẹ fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí etí. Gọ́ọ̀mù tó ṣì ṣàn yóò là á jáde sójú, àmì dídán tó bá fi síbẹ̀ kì í lọ.

Owó ẹyọ wúwo. Ọ̀dà ni gọ́ọ̀mù máa dì mú, ọ̀dà náà ni yóò sì bó tòun ti owó ẹyọ. Òwú ni kí ẹ fi rán an: èyí tí wọ́n ti gé ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ rà, kí abẹ́rẹ́ gba inú rẹ̀ bọ́ sí ẹ̀yìn pátákó, kí ẹ ta kókó síbẹ̀, kí ẹ lẹ ìwé kékeré lé kókó náà, kí ẹ sì fi ọ̀dà pa á. Ìlẹ̀kẹ̀ kò nílò ìrán. Ní Òṣogbo, Olóyè Jimoh Buraimoh, ayàwòrán, ti jẹ́ kí ayé rí i pé ìlẹ̀kẹ̀ lè ṣiṣẹ́ ọ̀dà lójú àwòrán. Ẹ sin ín sórí òwú kí ìlà rẹ̀ má dàrú, ẹ tò ó sínú gọ́ọ̀mù, kí pátákó dùbúlẹ̀ fún wákàtí 24. Bí owó ìlẹ̀kẹ̀ kò bá sí, kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá wà nílé: ẹ gé e ní onígun mẹ́ta tí ìdí rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2.5, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 30, ẹ wé e mọ́ ẹyọ ìgbálẹ̀ láti ìdí lọ sí ṣóńṣó, kí gọ́ọ̀mù wà ní ṣóńṣó. Ibẹ̀ nìkan ni kàlẹ́ńdà wúlò sí nínú iṣẹ́ yìí, nítorí ara dídán rẹ̀ kì í mu ẹ̀kọ.

Gọ́ọ̀mù funfun tí a fi omi là ni ọ̀pọ̀ ń fi ṣe fánísì. Bí òjò bá dé, á máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, eruku á sì bò ó. Ẹ ra fánísì tí wọ́n fi omi pò (water-based), ẹ fi pa ibi tí ọ̀dà wà lẹ́ẹ̀mejì ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ fò ibi tí aṣọ wà. Fánísì ń sọ aṣọ òkè di gan-an-gan.

Tí ẹ bá fẹ́ gbé e kọ́, ẹ gé sílípáàsì àlòkù ní ègé mẹ́rin tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà kan, ẹ lẹ̀ wọ́n mọ́ igun mẹ́rin ẹ̀yìn rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín pátákó àti ògiri kọjá. Ògiri tí òjò ń lù láti ìta máa ń làágùn. Ẹ wá ògiri mìíràn, kí oòrùn ojú fèrèsé má sì bá aró rẹ̀ jà.

Olóòtú wa, ẹ̀bẹ̀ kan ló kù. Bí ẹ bá tún fún iṣẹ́ ọwọ́ láyè nínú ìwé ìròyìn yín, tí ẹ sì fẹ́ fi àwòrán pátákó hàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ya ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú.

Àwa ni tiyín,
Àwa méjì tí ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọwọ́,
Abẹ́òkúta.