Jẹnotáìpù, jẹnotáìpù, àwọn tó ti ní SS ńkọ́?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ó ti sú mi o. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá kan nínú ètò ìlera tún wá sórí rédíò, ìyá kan pè wọlé pé ọmọ òun ní fòníkú-fọ̀ladìde, owó hydroxyurea, oògùn tó ń dín ìrora àrùn náà kù, ti ju agbára òun lọ, kí ni ìjọba fẹ́ ṣe sí i, èsì tí ọ̀gá máa fọ̀ ni pé kí àwọn ọ̀dọ́ máa yẹ jẹnotáìpù wò kí wọ́n tó ṣègbéyàwó. Ẹ gbà mí o! Ọmọ ti délẹ̀, ọmọ ń jẹ̀rora, ẹ ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó.

Àbúrò mi ní SS, ìyẹn fòníkú-fọ̀ladìde yìí, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ẹ̀jẹ̀ tó ń gbẹ lára nìkan. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tó ti tẹ̀ bíi dòjé á há sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín inú mùdùnmúdùn eegun, ọ́síjìn ò ní débẹ̀ mọ́, ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ara á wá ṣe bíi pé kòkòrò àrùn ló wọlé, á gbóná, á wú, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń gbógun ti àrùn á ya bo ibẹ̀, àwọn náà á tún lẹ̀ mọ́ iṣan, dídí á bá tún pọ̀ sí i. Nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, ìka ẹ̀ wú, ẹsẹ̀ ẹ̀ wú, àwọn ará ilé ní ó ṣubú ni. Ní báyìí orí eegun itan ẹ̀ ti kú, ó ń tiro. Síbẹ̀ nọ́ọ̀sì kan ní ọsibítù ìjọba sọ lójú wa pé abẹ́rẹ́ apàrora ló ti mọ́ ọn lára! Àwọn oníkẹ́mísìtì náà á kàn na blood tonic tó ní irin (iron) nínú sí i, bẹ́ẹ̀ irin ti lè pọ̀ jù lára ẹni tó ń gba ẹ̀jẹ̀ léraléra.

Hydroxyurea yìí, láti 1998 ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i fún SS. Ó ń dín sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń lẹ̀ mọ́ iṣan yẹn kù, kíráísìsì, ìyẹn ìrora tó máa ń dé lójijì, á dín kù, àwọn dókítà sì ti lò ó fáwọn ọmọdé ní Kano àti Kaduna níbí kí rọpárọsẹ̀ má baà kọlù wọ́n. Ṣebí ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún àwọn tó ní HIV lóògùn, kí ló dé tí tiwa ò lè rí bẹ́ẹ̀? Ẹ gbé e dé gbogbo hẹ́ẹ́tì sẹ́ńtà ìjọba ìbílẹ̀, ẹ fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tì í, torí ó lè fa sẹ́ẹ̀lì funfun wálẹ̀ jù. Bíi 150,000 ọmọ là ń bí pẹ̀lú àrùn yìí lọ́dọọdún ní Nàìjíríà, jẹnotáìpù wo lẹ fẹ́ yẹ̀ wò fáwọn yẹn?

Ti pípààrọ̀ mùdùnmúdùn eegun, ìtọ́jú tó lè wo àrùn náà sàn, wọ́n ti ṣe é ní ìlú Benin níbí ní 2011, ta ló lówó ẹ̀? Ẹ sì bá wa kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì emergency pé ìrora SS kì í ṣe àṣejù.

Ẹ̀gbọ́n oní-SS,
Ìbàdàn